Ohùn Inú Yàrá Màmá

“Ìwọ lo pa á. Ìwọ náà ló sì ń wá. Ta lo tún fẹ́ kó wá bá?”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, nírọ̀lẹ́ Sátidé tí Ìkórè ku ọ̀la. Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ tí èèyàn fi ń tọrọ iyọ̀ ló fi sọ ọ́. Elégédé ńlá tí ìyàwó ń fi aṣọ nù fún ìdúpẹ́ ọjọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

Orin tó ń jáde láti yàrá màmá kò tíì pẹ́ tó dákẹ́.

Yàrá náà wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin màmá ni ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti sí ẹ̀yìnkùlé ti wà ní títì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì di àwátì nínú rúkèrúdò ìsìnkú. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ máa ṣú, tí ọkọ ilé bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó jókòó sórí àga tó ń bọ́ bàtà, ohùn obìnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti inú lọ́hùn-ún láìlanu, bí ẹni tó ń kùn ún sínú imú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Orin ìkórè tí gbogbo ìjọ mọ̀ ni, èyí tí màmá fẹ́ràn ju gbogbo orin lọ. Ohùn náà á kùn ún lọ fún ìgbà díẹ̀, á sì dákẹ́. Ilé á wá pa lọ́lọ́, débi pé ẹ ó máa gbọ́ ewé gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń wọ́ kiri lójúde.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́,” ìyàwó ní. “Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Ẹ̀yin ni mo fi màmá sílẹ̀ fún lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ẹ bá mi jókòó tì wọ́n títí màá fi dé.”

“Èmi?” Àǹtí bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá ẹlòmíràn. “Àbúrò mi, wá gbọ́. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní èmi ló fi ìyá tó bí mi sílẹ̀ fún.”

Ọkọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, kò sí lẹ́sẹ̀ kejì. Ojú rẹ̀ ti funfun bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí ibùsùn àìsàn.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa tún dùùrù ṣe. Láti ilé dé ilé, láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn ló ń gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kiri. Á tẹ ohùn kan, á dẹtí, á fún okùn inú rẹ̀ le díẹ̀, á tún dẹtí. Lọ́jọ́ ìsinmi, òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Onídùùrù ni tẹrú tọmọ ń pè é. Etí rẹ̀ ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò tíì fi etí náà gbọ́ nǹkan kan tó nílàárí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sọ sí i ló ń gbọ́.

“Ẹ jẹ́ kó tó báyìí,” ó ní. “Àwa méjèèjì la jọ gbọ́ ọ lónìí, èmi àti ìyàwó. Ó tún pọ̀ ju tàná lọ.”

“Kí ni kò ní jẹ́ kó pọ̀?” ni Àǹtí wí. “Èmi tí mo wà nípàdé ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì látàárọ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ara mi ń ṣe gììrì ni. Mo mọ̀ pé màmá ti dé. Òkú tí wọ́n fi òùngbẹ pa, ibo lẹ ti rí i tó sinmi?”

Ìyàwó pa ojú dé. Òùngbẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń dun ún jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Màmá kò lè dá dìde mọ́ kó tó kú. Àyà rẹ̀ ti rẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ rírán, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sínú yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ, ó ń bu omi fún un, ó ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ àwọn ará ìjọ lẹ́yìn bí ọ̀rẹ́ méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní láti kó aṣọ àwọn akọrin lọ kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò. Nígbà tó dé, màmá ti kú lórí ibùsùn, ìrọ̀rí gún régé lábẹ́ orí rẹ̀, ife omi sì dà nù sílẹ̀. Àǹtí dúró síbẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń bèèrè pé irú ìyàwó wo ló ń fi aláìsàn nìkan sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó ti ń sọ pé òun sọ fún un. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí ti ń sọ pé irọ́ ni. Nígbà tí ohùn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, ìyàwó fúnra rẹ̀ kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́. Á dúró sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa bi ara rẹ̀ pé: Ṣé mo sọ fún un lóòótọ́? Àbí ọkàn mi ni mo ti sọ ọ́? Bí wọ́n bá pe èèyàn ní apànìyàn lójoojúmọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Àǹtí ńkọ́? Ẹlẹ́rìí ni oyè tí wọ́n fi í jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí kò sí ọjọ́ ìsinmi kan tí kì í dìde jẹ́rìí. Bí ó bá rí abẹ́rẹ́ tó sọnù, á jẹ́rìí. Bí òjò kò bá pa á, á jẹ́rìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí òun á ṣe di Ìyá Ìkórè, ẹni tó ń ṣáájú àwọn obìnrin tó bá di ìgbà ìdúpẹ́. Màmá ló wà nípò náà títí ó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ìyàwó ọmọ òun lòun fẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ tó sọ ọ́ lójú gbogbo obìnrin ìjọ ni Àǹtí wálé, tó jẹun tán, tó fọ abọ́ rẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èmi kì í fẹ́ràn obìnrin tó bá bínú tó sì ń fọ abọ́ jẹ́jẹ́.

Ìgbà tí màmá ti kú ló ti kó ẹrù rẹ̀ wá sílé àbúrò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wá tù ú nínú.

Onídùùrù fọwọ́ nu ojú rẹ̀. Kò wo ìyàwó rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

“Mo ti rò ó,” ó ní. “Bí a bá ti ṣe Ìkórè tán lọ́la, kó o lọ sílé àwọn òbí rẹ fúngbà díẹ̀. Títí màmá fi máa sinmi. Àǹtí náà sọ pé bóyá bí wọn ò bá rí ọ nínú ilé mọ́...”

“Ṣé ẹ̀yin náà gbà pé mo pa wọ́n ni?” ìyàwó bi í.

“N kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ẹ gbà á?”

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà tó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi okùn bàtà dáhùn ìbéèrè ìyàwó rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí n pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Àǹtí gbé elégédé nílẹ̀, ó yí i wò, ó ní kò mọ́ tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó jí, ìyàwó lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn títì náà. Ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú àpò kan, àpò náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn.

“Màmá,” ó ní, “ẹ ò pariwo mọ́ mi rí nígbà tí ẹ wà láyé. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún mi ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ má kọ ọ́ lórin fún mi mọ́. N kò lè fara dà á mọ́.”

Otútù ló ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sí i lẹ́sẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn mìíràn bá ṣí sílẹ̀ níbì kan. Ó rò pé òkú ló ń mí. Ó sá padà sí ilé ìdáná.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti to ìtí ọkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, wọ́n kó àgbàdo, elégédé, èso àjàrà àti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná sórí tábìlì gígùn. Lójú fèrèsé, àwọn igi ọgbà ń wọ́wé, ewé pupa àti ewé aláwọ̀ ìyeyè sì ń bá àwọn èèyàn wọlé lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òórùn èso tó pọ́n gba gbogbo ilé. Ó yẹ kí inú èèyàn dùn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni inú wọn sì dùn, àwọn ọmọdé ń ka elégédé, àwọn àgbà ń wo ti ta ló tóbi jù.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní ìjọ yẹn ni pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé ohun tó mú wá síwájú, kí ẹnìkan nínú wọn dúpẹ́ nítorí ohun kan, kó sì sọ ohun kan tí wọ́n ń retí. Gbólóhùn méjì péré. Àlùfáà, arúgbó kan tó fẹ́ràn kí nǹkan má pẹ́, ló dá a sílẹ̀, ó sì máa ń wo ẹni tó bá fẹ́ sọ gbólóhùn kẹta.

Nígbà tó kan ìdílé Onídùùrù, ọkọ wà nídìí dùùrù. Ìyàwó dìde, ó gbé elégédé. Ó ti há gbólóhùn tirẹ̀ sórí: òun dúpẹ́ fún ìgbésí ayé màmá, òun sì ń retí pé kí ó sinmi. Kò tíì dé àárín ilé tí Àǹtí fi dìde kọjá lára rẹ̀, tó gba elégédé lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì kọjú sí ìjọ.

“Kì í ṣe ọwọ́ yìí ni ó máa gbé ìdúpẹ́ ìyá mi wá síwájú Ọlọ́run,” ó ní.

Ariwo kékeré dìde, ó sì rọlẹ̀. Ìyàwó dúró láàárín ilé, ọwọ́ òfìfo.

“Mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè láti jẹ́rìí,” Àǹtí ń bá a lọ. “Ohun tí mò ń retí ni kí ìyá mi sinmi. Ẹ̀yin ará, kò tíì sinmi. Mo ti pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n ibi tó dé yìí, ó ti ju ohun tí ẹnu mi lè pa mọ́ lọ. Obìnrin tí ẹ ń wò yìí fi ìyá mi nìkan sílẹ̀, kò sọ fún ẹ̀dá kankan, òùngbẹ pa á. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń wá sínú yàrá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń kọrin. Ẹ bi àbúrò mi bí mo bá ń purọ́.”

Gbogbo ojú yí sí Onídùùrù. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ba àwọn ìyá tó gbé ọmọ dání, wọ́n fà wọ́n mọ́ra.

Àlùfáà kò bínú bí mo ṣe rò pé ó máa bínú. Ó tẹ́ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Orin wo ni ó ń kọ?” ó bi í.

“Orin ìkórè tó fẹ́ràn.”

“Báwo ló ṣe ń kọ ọ́?”

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ Àǹtí. Ó gbé elégédé mọ́ àyà, ó pa ojú dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin náà láìlanu. Ó kùn ún dáadáa. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi tó yẹ kó gbọ̀n, bí ohùn àgbàlagbà. Ìyàwó tó dúró láàárín ilé di àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, torí bó ṣe ń gbọ́ ọ láti yàrá gan-an nìyẹn.

Lórí bẹ́ǹṣì àwọn akọrin obìnrin, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni. Òun ló ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo àdúgbò, òun àti màmá ló sì máa ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge.

“Ta lo ní ó ń kọ ìyẹn?” ó bèèrè.

“Màmá mi ni, mà.”

“Màmá wo?”

“Ìyá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi, ọ̀rẹ́ yín.”

“Ọ̀rẹ́ mi ò mọ orin yẹn,” ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

“Ṣé orin tó fẹ́ràn jù láyé ni kò mọ̀?”

“Kò mọ bó o ṣe kọ ọ́ yẹn. Ojú orin lo kọ yẹn, èyí tí gbogbo yín máa ń kọ níbi tí ẹ jókòó sí. Àwa ti orí bẹ́ǹṣì yìí, ohùn kejì là ń kọ, èyí tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ohùn kejì nìkan ni wọ́n kọ́ wa nígbà tí wọ́n kó wa wọ ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀rẹ́ mi kò sì kọ́ òmíràn mọ́ títí ó fi kú. Ká ní wọ́n dì í lókùn pé kó kọ ojú orin, kò lè kọ ọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mo ní kó dá orin kọ fún wa, ohùn kejì ló dá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àna mi rò pé ó ti mu nǹkan ni.”

Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi orí pé òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bó bá ń sá aṣọ sórí okùn pàápàá, òun náà ló ń kùn.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, bí màmá ṣe máa ń kùn ún. Èkejì gbà á. Ìyá Oníbúrẹ́dì dara pọ̀.

Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ orin. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lójú kan náà, bí ẹni tó ń rìn kiri nínú ilé tó ń wá nǹkan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ màmá tí ara rẹ̀ kò bù máṣọ. Màmá nìyẹn. Màmá ló ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, màmá ló ń ká aṣọ lójú fèrèsé. Ìyàwó rọra jókòó sórí ilẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun jókòó.

Nídìí dùùrù, Onídùùrù ti dìde. Ọkùnrin tó ń fi etí jẹun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́rọ̀.

“Kì í ṣe màmá,” ó ní. “Àǹtí, kì í ṣe màmá ló wà nínú yàrá yẹn.”

“Òkú lè kọ ohun tó bá wù ú,” ni Àǹtí wí. “Bóyá wọ́n kọ́ ọ lọ́run.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún un, torí ìjọ tó ti ń bẹ̀rù bó bá ti lè rẹ́rìn-ín, kò ní bẹ̀rù mọ́.

“Àǹtí, ibo lẹ máa ń wà bí orin yẹn bá ń lọ lọ́wọ́?” àbúrò rẹ̀ bi í.

“Ìpàdé ìkórè. O mọ̀.”

“Ìpàdé wo?” Ìyá Oníbúrẹ́dì tún gbà á. “Òwúrọ̀ Sátidé nìkan la máa ń pàdé. Ta lò ń bá ṣe ìpàdé nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, àwọn àga ni?” Ó wá kọjú sí ìyàwó tó wà nílẹ̀. “Ìwọ náà, dìde níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kú, ọ̀dọ̀ mi lo wà tó ò ń wọn aṣọ mọ́ mi lára. Mo ní kó o jókòó jẹ búrẹ́dì, o ní rárá, o fẹ́ tètè padà, pé Àǹtí ló ń bá ọ jókòó ti màmá, o ò fẹ́ kó sú u. Ṣé o ò rántí ni?”

Ìyàwó gbójú sókè. “Mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“O sọ ọ́ tó ìgbà mélòó. Ó tiẹ̀ sú mi.”

Ẹ ò bá rí ojú ìyàwó náà ní ìṣẹ́jú yẹn. Wọ́n ti jí ìrántí rẹ̀ lọ, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e padà fún un.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ tipẹ́, Ìyá?” ọkọ bèèrè.

“Ta ló bi mí? Ṣé o wá bi mí? Èmi ò mọ̀ pé ẹ ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí pa á nínú ilé. Kò fẹjọ́ yín sùn mí rí.”

Àlùfáà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ń wo Àǹtí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

“Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ẹ wá bá mi ní yàrá ìmúra,” ó ní. “Ẹ wá bá mi sọ pé kí n má gbọ́ tìyá yín, pé ẹ̀yin ni kí n fi ṣe Ìyá Ìkórè. A pẹ́ níbẹ̀. Mo bi yín pé ta ló wà lọ́dọ̀ màmá. Ẹ ní ìyàwó ni.”

Elégédé bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ó yí lọ díẹ̀, ó dúró.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sọ ọ́ mọ́.

“Ó ti sùn. Mo fi ojú ara mi rí i pé ó ti sùn kí n tó jáde. Ta ló ní kó dìde? Nígbà tí mo dé, ilẹ̀ ni mo ti bá a, ó na ọwọ́ sí ife omi, ara rẹ̀ ti tutù. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo gbé e padà sórí ibùsùn. Mo tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo tún un ṣe. Ojú gbogbo yín ló ti sọ pé ìyàwó ni kó gba ipò òun. Ìyàwó. Ẹni tó wọlé wá láti òde. Èmi tó bí ńkọ́? Mo ń jókòó níwájú rẹ̀ láti kékeré, ó ń kọ orin yẹn, kò fìgbà kan pè mí wá kọ ọ́ pẹ̀lú òun.”

“Ẹ sì ń wọ yàrá rẹ̀ lọ kọ ọ́ kiri,” ni Onídùùrù wí.

“Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti rẹ̀. “Ṣé o rò pé inú mi ń dùn nínú yàrá yẹn ni?”

“Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

Ó tọwọ́ bọ inú aṣọ, ó fà á jáde. Ó gbé e lé Onídùùrù lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀. Àwọn èèyàn ya ọ̀nà fún un bó ṣe ń jáde, wọ́n sì fa aṣọ wọn mọ́ra kí ó má baà kan tirẹ̀. N kò ṣàánú rẹ̀. Bí àánú bá wà nínú yín, ẹ fi ṣe é lóore.

Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé àbúrò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì tún dìde jẹ́rìí níbì kankan mọ́. Yàrá kan tó háyà lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ló ń gbé báyìí. Oníbàtà yẹn sọ fún àwọn èèyàn pé obìnrin òkè òun kì í jẹ́ kí òun kọrin sí iṣẹ́. Bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀, á fi igi gbá ilẹ̀, á ní kí òun dákẹ́, á ní ṣé òun náà ò gbọ́ ẹni tó ń kọ ohùn kejì lábẹ́ rẹ̀ ni.

Àlùfáà ní kí ìyàwó wá gbé ohun ìdúpẹ́ rẹ̀ síwájú. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti bá a gbé elégédé. Ó fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì.

“Mo dúpẹ́ fún màmá,” ìyàwó ní.

“Kí lò ń retí?” Àlùfáà bi í.

“N kò tíì mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n délé ná.”

Àwọn obìnrin ìjọ kò jẹ́ kó délé tí wọ́n fi sọ pé òun ni Ìyá Ìkórè. Ó gbà á, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ.

Nílé, òun àti ọkọ rẹ̀ ṣí yàrá màmá. Kò sóhun tó wà níbẹ̀ ju ibùsùn, àga kan tí wọ́n gbé sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, àti èérún bisikíìtì nílẹ̀ níwájú àga. Ìyàwó ṣí fèrèsé. Ó gbá ilẹ̀, ó ká aṣọ ibùsùn. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e kiri, ó fẹ́ gba ìgbálẹ̀, kò fún un. Ó kúnlẹ̀ fún un nínú yàrá náà, àgbà ọkùnrin, ó ní kó dárí ji òun, ó ní kó tú àpò tó dì, kó má lọ mọ́.

“Èmi ò lọ síbì kankan,” ìyàwó ní. “Ilé mi nìyí.”

Ṣùgbọ́n kò fà á dìde. Fúnra rẹ̀ ló dìde nígbà tí orúnkún ń ro ó.

Ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú. Ọkùnrin náà lọ jókòó sórí àga rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà, ó sì dúró. Ìyàwó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Wọ́n jọ ń dẹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ń gbé aṣọ fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó kọ orin kankan, ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀.

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó ń bẹ̀rù ohùn yẹn, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń dún, ìyá rẹ̀ ò tíì lọ pátápátá.

“Wọ́n ti lọ,” ó ní. “Wọ́n ti lọ tipẹ́, èmi ò sì mọ̀. Ohùn ìyá mi, èmi ò lè dá a mọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Kí ló ń ṣe mí?”

Ìyàwó gbé abọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì. Tirẹ̀ ti parí, ó ti sunkún tirẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, lóun nìkan, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Mo sọ fún ọ,” ó ní.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, kò pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ rí. Ẹ̀yin ló ń pè é, níwájú èèyàn àti lẹ́yìn èèyàn, nígbà ìdùnnú àti nígbà ìjà. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Ó gbé ojú tó tutù sókè, ó ń dúró bóyá yóò tún un ṣe.

Kò tún un ṣe.

“Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ọ,” ó ní. “Wá jẹun.”